Bá Mi Wọlé

Tí ẹ bá rí tísà tó gbé fóònù méjì síwájú, tó ń fi méjèèjì ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má rò pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bá ẹnì kan wọlé ni. Bí àwa tísà èdè òkèèrè ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: "Bá mi wọlé." Ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ ju ọjọ́ lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ lónìí, àpérò lọ́la, sátífíkéètì lọ́túnla. Ta ló fẹ́ jókòó ti gbogbo ẹ̀? A máa ń fún ara wa ní pásíwọ̀ọ̀dù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ á bá àwọn yòókù wọlé, á máa kọ "Ẹ káàsán o, mo ti dé" lórúkọ ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin. Èmi fúnra mi ti jẹ́ ẹni márùn-ún rí lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. A ò kà á sí irọ́. Àánú ara wa là ń ṣe.

Faransé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Madaamu Bọ́njúù ni wọ́n ń pè mí láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàálé mi pàápàá, tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi, ohun tó máa ń pè mí náà nìyẹn. Orúkọ yẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí, n ò tíì tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ rí. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé tó ń sunkún. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu tọkọtaya tó ń jà. Inú rédíò ni mo ti bá a pàdé, inú fóònù ni mo sì ń bá a gbé. Tí ọmọ kan bá nawọ́ sókè ní kíláàsì pé, "Madaamu, ṣé báyìí gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún?" màá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá sì yára kọjú sí pátákó.

Ẹgbẹ́ wa ní ojúlé kan lórí Wásáàpù. Ibẹ̀ ni àǹfààní ti ń rọ̀ bí òjò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, líǹkì ogún ti wà níbẹ̀: ibi tí èèyàn ti lè rí orin tó fi ń kọ́ ọmọdé, ibi tí wọ́n ti ń fún ni ní ìwé ìdánwò, ibi tí wọ́n ti ń wá tísà tó máa kọ́ àwọn àgbàlagbà lórí ẹ̀rọ. Tí ẹ bá tẹ ìdajì wọn, ojú ewé funfun lẹ máa rí. Tí ẹ bá tẹ ìdajì tó kù, wọ́n á ní ẹni tí wọ́n fi èdè náà bí ni àwọn ń wá. Ẹ gbà mí. Ṣé kí n padà sínú ìyá mi kí wọ́n lọ tún mi bí lọ́hùn-ún ni? Síbẹ̀ mò ń tẹ̀ wọ́n. Mo ti ní sátífíkéètì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan, n ò sì mọ ẹni tó máa kà wọ́n.

Àfi èyí tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn. Èyí yàtọ̀. Oṣù mẹ́ta ni, ní ìlú àwọn tó ni èdè. Ẹni tí wọ́n bá mú á máa kọ́ ẹ̀kọ́ láàárọ̀, á máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tísà tibẹ̀ nínú kíláàsì lọ́sàn-án, wọ́n á fún un ní ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú ní agbègbè wa. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta kò gbọdọ̀ dá a láṣà. Mo ti pé márùndínláàádọ́ta ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Bí eléyìí bá kọjá, ó ti kọjá mi nìyẹn títí láé. Mo kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì sọ fún bàálé mi pé kó má bá mi sọ̀rọ̀ ohunkóhun títí ọjọ́ ìdánwò. Ó ní ṣé kí òun máa kọ̀wé ni.

Ìdánwò yẹn, ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lórí fóònù, níwájú àwọn adájọ́ tó máa ṣe bí ọmọ kíláàsì. Nítorí nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pa kámẹ́rà. Ohùn nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Nísàlẹ̀ ìwé òfin wọn, wọ́n fi pupa kọ ọ́ pé ẹni tó bá gba orúkọ ẹlòmíràn wọlé, àtòun àti ẹni tó rán an, àwọn á yọ orúkọ àwọn méjèèjì kúrò láéláé. Mo ka ibẹ̀. Gbogbo wa la kà á. Kò sẹ́ni tó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀kọ́ tí mo mú sílẹ̀, ọmọ mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé wa ò ní ìwé, tí kò ní àwòrán, tí kò ní ohunkóhun àfi àwọn ọmọ. Màá ní kí wọ́n dijú. Màá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ilẹ̀kùn. Màá wọ sálúbàtà rìn. Màá fa àga, màá bu omi sínú ife, màá mí kanlẹ̀. Wọ́n á máa fi Faransé sọ fún mi: ta ló wọlé? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́? Ṣé inú ń bí i? Kí ló fẹ́ ṣe báyìí? Àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu ní kíláàsì, tí wọ́n bá ti dijú, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu wọn. Nígbà tí mo gbọ́ pé ohùn nìkan làwọn adájọ́ máa gbọ́, mo ní Ọlọ́run ló ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣe é nílé. Bàálé mi ní tí olè bá wọlé wa lóòótọ́, òun ò ní dìde, òun á kàn rò pé mò ń múra ẹ̀kọ́ ni.

Ẹnì kejì tó ń kọ́ Faransé nílé-ìwé wa, àwọn kíláàsì kéékèèké ló ń kọ́. Àbúrò ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ a ò bára wa tan. Obìnrin bíi tèmi ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, pátákó ló ń kọ́, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn kíláàsì mi ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, tó ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sílẹ̀, títí kan ìgbà tí mo bá sín. Òun náà kọ orúkọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yìí. N ò bínú. Mo ti mọ̀ pé màá jù ú lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, aago kan kọjá díẹ̀, Àbúrò pè mí láti ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ti ṣubú ní balùwẹ̀, eegun itan ti kán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọlé. Tí wọ́n bá pe nọ́ńbà mi, kí ẹ kàn ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, kí wọ́n sún mi sẹ́yìn. Mo ń bọ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òun náà ti bá mi wọlé àìmọye ìgbà.

Mo rán ọmọ kan sáré lọ yá fóònù bàálé mi wá nílé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn tísà, mo pa fèrèsé dé nítorí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Ooru mú mi nínú ibẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Mo kó ìwé orí tábìlì mi sílẹ̀, mo to kọ́kọ́rọ́, ife, sálúbàtà àti jọ́ọ̀gì omi síbẹ̀. Fóònù tèmi wà lápá ọ̀tún, èyí tí mo fi bá Àbúrò wọlé wà lápá òsì. Àwọn adájọ́ pín sí yàrá méjì lórí ẹ̀rọ, wọ́n fi Àbúrò sí ọ̀kan, wọ́n fi mí sí èkejì. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni tirẹ̀. Kọkàndínlọ́gbọ̀n ni tèmi.

Wọ́n pe kẹrìnlá. Mo sọ ohun tí ó ní kí n sọ, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, kí wọ́n jọ̀ọ́ sún mi sẹ́yìn. Obìnrin adájọ́ náà fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé òun ń gbọ́ mi ketekete, àti pé kò sí sísún. Ẹni tí wọ́n bá pè tí kò kọ́ni, ó ti bọ́ nìyẹn. Ó ní òun fún mi ní ìṣẹ́jú kan.

Mo wo fóònù yẹn. Mo ro ti ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ro ó pé ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó ṣì wà níwájú mi ní yàrá tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, màá ti rí nǹkan mìíràn hun kó tó kàn mí. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí n ò jẹ́ kó bọ́, n ò lè sọ. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà lórí mi, ohun èlò rẹ̀ ló sì wà lórí tábìlì. Mo ní kí wọ́n dijú. Mo gbé kọ́kọ́rọ́.

Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn. N ò kọ́ni bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo fa àga, ọkùnrin àgbàlagbà kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó òun ló ń bọ̀ yẹn, ó sì ti mọ̀ pé òun ò fọ abọ́. Nígbà tí mo mí kanlẹ̀, obìnrin yẹn ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́." Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀, mo dá wọn lóhùn, èdè yẹn ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ilé ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gbàgbé pé orúkọ ẹlòmíràn ni mo wọ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

N ò tíì nu ojú tán tí fóònù apá ọ̀tún fi ń pe kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo àwọn tó yẹ kó ṣáájú mi, wọ́n ò wá. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kó bá wọn wọlé, nígbà tó gbọ́ pé òun ló máa kọ́ni, ó ti pa fóònù. Bí wọ́n ṣe ń fò wọ́n nìyẹn, márùn-ún, mẹ́wàá, títí wọ́n fi já lé èmi lórí. N ò lè tún gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn. Wọ́n ń gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀, bí ẹ̀kọ́ kan náà bá mú kí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tán fún àwa méjèèjì. Orí mi ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní oókan dé ogún. Àgbà bí èmi! Mo ń kà á, wọ́n ń kà á tẹ̀lé mi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fi kà á tán. Mo dúpẹ́, mo jókòó, mo sì mu omi inú ife.

Nígbà tí Àbúrò pè mí lálẹ́, mo ní wọ́n pè é, mo sì dáhùn. N ò ṣàlàyé. Ó dúpẹ́ títí, ó ní wọ́n ti gbé ìyá òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé sórí fóònù. Mo ka tèmi lójú àtẹ̀gùn, láàárín kíláàsì méjì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ó hàn pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, àmọ́ kí n túbọ̀ máa múra sílẹ̀. Wọ́n fi líǹkì mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi, fídíò ọ̀fẹ́ fún àwọn tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ń kí mi ní bọ́njúù.

Bí mo ṣe dé yàrá àwọn tísà ni Àbúrò wọlé wá bá mi, ó ti ilẹ̀kùn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Lẹ́tà tirẹ̀ gùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ife.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n fi mú mi."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ní òun máa kọ̀wé sí wọn, òun máa sọ òótọ́, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ni ín. Mo rán an létí ohun tí wọ́n fi pupa kọ. Ó ní kí wọ́n yọ òun, òun ò bìkítà. Inú wá bí mi. Mo ní ṣé òun nìkan ni wọ́n máa yọ? Mo ní kó wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n lè tún ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ni? Mo bá a wí gan-an, mo bá a wí ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni pé òun ló kọ́ni lórúkọ mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Tí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Tí ẹ bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ, mi ò sì ní bi yín ní ìdí ẹ̀ láéláé." Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn, ó lọ kọ́ kíláàsì rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gba ẹ̀yìn kíláàsì kí n má bàa pàdé rẹ̀. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: owú ni. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́ nínú fóònù mi pé ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ni lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹni tó pe ara rẹ̀. N ò fi orúkọ sí i. Ó kù kí n tẹ ẹ́ kó lọ. Mo ní bí n ò bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ, kí gbogbo wa jọ jókòó síbí ká máa ka oókan dé ogún.

Bàálé mi ló rí i pé oúnjẹ ń tutù níwájú mi. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ dìde, ó fà mí jókòó. Ó ní wọ́n rán mi pé kí n lọ kí ará ilé kan, mo lọ kó ẹrù wọ ibẹ̀. Mo ní àwọn àgbà ló ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó ti yọrí, kí ló wá kù? Mo ní ohun tó kù ni èmi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá ní, "Ṣé tí kò bá lọ, ìwọ á lọ?"

Mo lọ sùn. Láàárọ̀, mo pa ohun tí mo kọ sínú fóònù rẹ́, mo sì sọ fún Àbúrò lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì pé kó lọ tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ó bú sẹ́kún níwájú àwọn ọmọ. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, kó má sọ mí di ẹni ẹ̀sín. Ìyá rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ti gbà láti wá jókòó tì í.

Mo rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Àwọn tó mú Àbúrò ní kí tísà àgbà kan tó ti rí i níbi tó ti ń kọ́ni dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ta ni ìbá tún jẹ́? Kò lè fẹnu rẹ̀ bẹ̀ mí. Ó fi líǹkì náà ránṣẹ́, kò kọ ohunkóhun tì í.

Mo jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí tísà yìí ṣe ń kọ́ni. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi èmi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn alábẹ̀wò á dé, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á bèèrè ibi tí ọ̀gá wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìwé, kò sí àwòrán, tísà yìí ní kí àwọn ọmọ dijú, ó sì fi ohun tó wà nílé wọn kọ́ wọn. Mo kọ ọ́ pé ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń dúró tì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tójú ń tì máa ń sá sí. Pé bí ọmọ bá ṣìnà lórí ọ̀rọ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Pé ó máa ń rẹ̀ ẹ́, kì í sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀. Mo kọ ọ́ kún àyè tí wọ́n fún mi. Mo kà á láti òkè délẹ̀, n ò rí irọ́ kankan níbẹ̀ àfi orúkọ. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn kò gùn. Ọdún mélòó ni ẹni yìí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí? Mo kọ méjìlélógún. Mo wò ó. Mo pa á rẹ́, mo kọ mẹ́fà, mo sì fi ránṣẹ́.